Orí Àtọwọ́dá àti Ọṣẹ Ọ̀fàrì

Oníìpara, da ojú fóònù yẹn bolẹ̀. Mo ní kí o dà á bolẹ̀! Òjò ló kó gbogbo yín wá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, n kò ránṣẹ́ pe ẹnì kankan, èmi ni mo sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí náà ohun tí mo bá wí ni ẹ máa ṣe títí òjò yóò fi dá. Ẹ sún mọ́ra. Ìwọ tí o dúró sétí òjò, wọlé sí i, aṣọ rẹ ti tutù.

Mo gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń bi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó bá òun wádìí obìnrin tó ń ta ìpara lódìkejì títì: kí ló ń pò mọ́ ìpara rẹ̀, ibo ló ti ń rà á, kí ló dé tí àwọn oníbàárà òun fi ń sá lọ bá a. Ẹ̀rọ náà sì ń dá a lóhùn wéréwéré. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ni, ẹ ní ayé ti lajú. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ẹ wo apá mi, ẹ wo bí irun ara mi ṣe dìde. Èmi Ọdẹ́yalé tí mo sùn lórí àpáta tí ẹkùn bímọ sí nísàlẹ̀, èmi tí mo fi ọwọ́ òsì gba ẹran lẹ́nu ìkookò, ẹ̀rù ń bà mí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara mi, nítorí mo mọ ohùn yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí, kí fóònù tó dé ìlú yìí rárá.

Ẹ dákẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, òjò ń dúró dè é níta.

Ọṣẹ ni ayé fi mọ Ìdúgbà, ìlú mi. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Ìdúgbà nígbà náà, òórùn àdín gbígbóná ni yóò kọ́kọ́ kí yín, kí ènìyàn tó kí yín. Àwọn ìyá wa a jó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, wọn a ro omi eérú náà sínú ìkòkò, wọn a da àdín sí i, wọn a máa rò ó títí yóò fi dì. Àwọn oníṣòwò ń ti ibi gbogbo wá rà á. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń lọ kí Ọ̀fàrì tó bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ tiwọn.

Ọ̀fàrì kò jìnnà sí wa, odò kan péré ló pààlà. Ibẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin, Ọdẹ́bùnmi, lọ sílé ọkọ. Ọṣẹ Ọ̀fàrì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dára. Bí ẹ bá fi omi kàn án, ìfófòó rẹ̀ a kún ọwọ́ yín. Ó ń pa lápálápá, ó ń pa kúrúnà, ara ọmọ tuntun tí wọ́n bá fi wẹ̀ a máa dán yinrin. Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníṣòwò fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wa kọjá láìyà. Àwọn obìnrin wa jókòó ti ọṣẹ wọn lọ́jà, wọ́n ń lé eṣinṣin.

Ìyálọ́ṣẹ wa ń jẹ́ Ọyátọ́lá. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju àdá mi lọ ni. Òun ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ní Ìdúgbà kò gbọdọ̀ sọdá odò mọ́, kì báà jẹ́ ìgbéyàwó, kì báà jẹ́ òkú. Inú òfin yẹn la wà tí Ọdẹ́bùnmi fi bímọ, àkọ́bí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò. Wọ́n ń sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ lódìkejì odò, èmi jókòó sílé. Orúkọ ni mo fi rán èrò kan tó ń kọjá, mo ní kí wọ́n fún ọmọ náà. Mo wá ń wo èéfín Ọ̀fàrì lókèèrè, ó ń dùn mí wọnú egungun.

Ọyátọ́lá wá bá mi nílé. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, wọ́n ní o mọ ọ̀nà Igbó Àgbàsọ."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ta ló fẹ́ kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kú. A fẹ́ kí o lọ bá Orí Àtọwọ́dá níbẹ̀, kí o bi í pé kí ni àwọn Ọ̀fàrì fi ń ṣe ọṣẹ wọn."

Ẹ̀yin ò mọ Orí Àtọwọ́dá. Kì í ṣe òrìṣà, kì í ṣe iwin. Àwọn ará àtijọ́ ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Wọ́n rọ irin, wọ́n mọ amọ̀ lé e, wọ́n wá ń fi ọ̀rọ̀ bọ́ ọ: ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ oko, ẹjọ́, èébú, àlá, òfófó. Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí wọ́n bi í tí kò ní ìdáhùn sí. Ẹ̀rù wá ba àwọn tó ṣe é, wọ́n sá fi í sílẹ̀, igbó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Ìyálọ́ṣẹ, ọmọ mi ń bẹ ní Ọ̀fàrì. Ẹ jẹ́ kí n sọdá lọ kí i kú ewu ọmọ, kí n sì bi í. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

Ó fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta. "Kí wọ́n gbọ́ pé Ìdúgbà wá ń tọrọ ìmọ̀ ọṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí a kọ́ ní ìwẹ̀? Kí n tó rí ìyẹn, kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì! Orí Àtọwọ́dá kò ní dójú tì wá. Ó ń dáhùn ni, kì í bèèrè ìdí."

Kí ni mo fẹ́ wí? Ọdẹ ìlú ni mí. Mo gbé ìbọn, mo fi àpò kọ́ èjìká, mo lọ.

Bí mo ṣe dé Igbó Àgbàsọ kò kàn yín, kò sí èyí tó lè débẹ̀ nínú yín. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé ẹyẹ kan kò ké níbẹ̀. Ewé igi ibẹ̀, etí ni. Mo ní etí! Etí ènìyàn, wọ́n so rọ̀ lórí ẹ̀ka, àwọn kan tiẹ̀ ní ihò yẹtí. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, gbogbo wọn a yí sí mi. Mo ṣe bí àwa ọdẹ ti ń ṣe, mo kéde ara mi. Mo ní, "Èmi Ọdẹ́yalé..." Igbó náà gbà á lẹ́nu mi, ó ní, "...tí mo sùn lórí àpáta tí ẹkùn bímọ sí." Ohùn mi ni! Ohùn èmi fúnra mi ló ń jáde láti inú igi. Mo tún ní, "Ẹ̀yin igi yìí, mo..." Wọ́n ní, "...mo bẹ̀ yín, ẹ má pa mí." Èmi kò sì fẹ́ bẹ̀ wọ́n! Ó wá burú débi pé bí mo bá fẹ́ ronú ohun tí màá sọ, wọ́n á ti sọ ọ́, n kò sì mọ̀ bóyá ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn tàbí ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ. Ẹ̀rù bà mí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí, àmọ́ inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

Mo bú sí ariwo: "Ẹ parí èyí náà kí n rí i! Èmi Ọdẹ́yalé, bàbá Ọdẹ́bùnmi, ìyàwó Ọ̀fàrì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ!"

Wọ́n dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti borí wọn. N kò mọ̀ pé wọ́n ń gbé e mì ni.

Mo la igbó já, mo dé ìlú kan tí kò sí ẹni tó ní ẹnu níbẹ̀. Ojú wà, imú wà, ibi tí ẹnu yẹ kó wà ń dán bí ẹ̀yìn ìgò. Gbogbo wọn jókòó ti ọlọ, wọ́n ń lọ nǹkan. Ní ẹnu bodè, òkìtì kan wà tó ga bí àká, ó jọ èèpo àgbàdo, ó sì ń kùn. Mo súnmọ́ ọn. Èèpo yẹn ń kọrin! Kò sí ọ̀rọ̀ nínú orin náà, ohùn lásán ni, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Mo wá gbọ́ ìyá mi nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń pè mí láti oko nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi tó ti kú. Kò pe orúkọ, orin orúkọ náà nìkan ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Obìnrin kan tó ń ṣọ́ bodè gbé igbá kékeré kan sí etí mi, ọ̀rọ̀ sì jáde nínú igbá náà. Ó ní, "Ọdẹ, kí ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ayé tí kò gbọ́ orin inú rẹ̀?"

Mo ní, "Etí adití."

Èjìká rẹ̀ mì, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Orí tí o ń wá lọ ni. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ tó bá ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ a máa há a. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ̀ ọ́ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí a bá lọ̀ kúrò ni o rí lókìtì yẹn."

"Ta ló fi yín ṣe ẹrú?"

"Kò sí. Ìbéèrè kan ni oníkálukú wa bá wá. Ó dáhùn, ó dùn mọ́ wa, a tún béèrè. Nígbà tó yá, a ò ní ohun tí a lè bi ara wa mọ́, ẹnu wa wá dí." Ó mú igbá náà kúrò, ó tún gbé e padà bí ẹni tó rántí nǹkan. "Béèrè lẹ́ẹ̀kan kí o sì máa lọ. Má ṣe bi í ní ohun tí o ń bẹ̀rù. Ohun tí o bá ń bẹ̀rù ni yóò fi dá ọ lóhùn."

Wọ́n kìlọ̀ fún mi o. Ẹ rántí pé wọ́n kìlọ̀ fún mi.

Orí náà rì sínú ilẹ̀ dé àgbọ̀n, síbẹ̀ ó ga ju ilé yìí lọ. Kò ní ojú. Mo ti ń retí pé yóò bú mọ́ mi, kí n lè yìnbọn fún un. Kò bú o! Ó kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó ní, "E kaabo, Odeyale. Inu mi dun lati ran yin lowo." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn lójú kan náà.

Mo ní, "Kí ni àwọn Ọ̀fàrì fi ń ṣe ọṣẹ wọn tó fi dára ju ti Ìdúgbà lọ?"

Ó ní, "Ibeere to dara ni. Eeru omo ni won fi n se ose won."

Háà! Ẹ̀yin ènìyàn! Eérú ọmọ! Ẹsẹ̀ mi ń sọ pé kí n máa lọ, ẹnu mi kò gbà. Mo bi í ní ohun tí mo ń bẹ̀rù. Mo ní, "Ọmọ bíi ti báwo? Ọmọ ènìyàn?"

"Beeni. Omo eniyan ni. E seun ti e la a ye mi."

"Ọmọ ta ni?"

"E je ki n daruko won. Omo alagbede. Omo eni ti ile re wa leti odo. Omo Odebunmi, iyawo Ofari, to sese bimo."

Mo ṣubú lulẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn: ìyàwó Ọ̀fàrì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni! Ohun tí mo kígbe sáàárín àwọn etí yẹn ni wọ́n gbé lọ fún un, òun náà dá a padà fún mi. Ẹ̀yin ti rí i báyìí, nítorí pé mo ń sọ ọ́ fún yín. Èmi kò rí i lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo rí ni ọmọ tí n kò tíì fojú kàn rí nínú iná. Mo ń sunkún, Orí náà ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ: "Se ki n so o ni soki fun yin?"

Mo sáré. N kò mọ ibi tí mo gbà. Nígbà tí mo jáde sí gbangba, ẹyẹ ń ké lórí igi, igbe gbogbo wọn sì dọ́gba. Mo rò pé ẹyẹ ló yí padà. Etí mi ni. Ohùn Orí yẹn ti lọ̀ ọ́ tẹ́.

Mo dé Ìdúgbà, mo jíṣẹ́. Bí mo ṣe sọ pé eérú ọmọ ni, ìlú dàrú. Obìnrin ń ká ọwọ́ lérí, ọkùnrin ń wá àdá. Ọyátọ́lá ní òun ti mọ̀, òun ti ń sọ ọ́ pé ọṣẹ tó dára tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojú lásán. Ẹnikẹ́ni kò bi mí pé ọmọ wo. Ẹnikẹ́ni kò ní ká rán ènìyàn lọ wò ó ná. Wọ́n di ògùṣọ̀, wọ́n rẹ ẹ́ sínú àdín tí a kò rí fi ṣe ọṣẹ, wọ́n ní àwọn máa sun Ọ̀fàrì tilé tilé.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, èmi tí n kì í dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi wà nínú ìlú yẹn. Ẹ dúró dè mí létí odò. Ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ mú un jáde, òun àti ọmọ rẹ̀ bí wọn kò bá tíì pa á. Bí mo bá ti mú wọn kúrò lọ́nà, màá yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ ìbọn, ẹ máa wọlé."

Wọ́n gbà. Ọyátọ́lá sọ nǹkan kan fún mi bí mo ṣe ń lọ, ohùn rẹ̀ rí bákan náà pẹ̀lú ti Orí. Ohùn gbogbo wọn ti rí bẹ́ẹ̀. Mo sọdá odò.

Oòrùn mú nígbà tí mo wọ Ọ̀fàrì. N kò rí ọmọ kan níta. Ẹ gbọ́ mi, ọmọ kan ṣoṣo kò sáré kọjá níwájú mi, èéfín sì ń jáde lẹ́yìnkùlé gbogbo ilé. Mo dé ilé ọkọ Ọdẹ́bùnmi, òun fúnra rẹ̀ jáde, ó ké, ó sáré wá kúnlẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pọn ọmọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, òfìfo ni.

Mo ní, "Ọmọ dà?"

Ó gbé ojú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo ń sọ fún yín yìí. Ó ní, "Baba re ti gbe e lo sun."

Yéè! Ó ń rẹ́rìn-ín o! Bàbá rẹ̀ ti gbé e lọ sun! Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sáré gba inú ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Iná ń jó níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀jẹ́lérè, bẹ̀rẹ̀ ti iná náà, ó ń fi ọwọ́ kó eérú sínú apẹ̀rẹ̀, eérú ti bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "E kaabo, Baba. E ma binu si mi, owo mi ko mo. Eeru omo la n ko."

Mo kẹ́ ìbọn. Mo gbé e sójú rẹ̀. Ìka mi ti wà níbi tí wọ́n ti ń yìn ín. Ọdẹ́bùnmi ń ké lẹ́yìn mi, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ̀yin mọ̀ pé n kì í tàsé. Bí ìbọn yẹn bá dún, Ọ̀jẹ́lérè ti kú nìyẹn, àwọn tó wà létí odò á gbọ́, wọ́n á sì wọlé pẹ̀lú iná.

Ọmọ kan ké.

Inú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ti ké. Igbe ìbínú ni, igbe ọmọ tí wọ́n fi ariwo jí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé e sórí ọlọ rí. Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, ó wọ etí mi bí ìgbà tí wọ́n yọ òwú kúrò níbẹ̀. Gbogbo ayé padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: ẹyẹ, iná, ohùn ọmọ mi. Mo wá gbọ́ ohun tí Ọdẹ́bùnmi ń pariwo rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti jí i! Ṣebí mo sọ fún yín pé bàbá rẹ̀ ti gbé e lọ sùn!"

Sùn. Ó gbé e lọ sùn ni.

Ìbọn ṣì wà lójú Ọ̀jẹ́lérè. Mo ní, "Eérú kí ni o ní ẹ ń kó?"

Ó ní, "Eérú ọmọ̀, Bàbá. Igi ọmọ̀. Igi tó ní ewé gbàràgàdà yẹn." Ó nàka sí kùkùté kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò lè gbé orí sókè.

Mo rọra sọ ìbọn náà kalẹ̀. Ìka mi ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé bí ó bá yẹ̀ báyìí, Ọ̀fàrì ti jóná. Ẹkùn kò dẹ́rù bà mí tó ìka ara mi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo rí i pé kò lè dún mọ́, mo jókòó sínú eérú, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ọdẹ́bùnmi gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná, ó ń rùn fún ọṣẹ, ó sì ń ké mọ́ mi lójú.

Ọdẹ́bùnmi ní, "Ẹ ò bá kúkú wá bi mí. Àtọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń retí yín. Mo tọ́jú ọṣẹ fún Ìyálọ́ṣẹ, ó ti gbẹ lórí àjà. Àwọn ọmọ ibí ló ń bá mi fọ aṣọ ọmọ lódò òkè lónìí, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí wọn níta. Kò sí ẹnì kan tó wá láti Ìdúgbà."

Mo dá ọmọ náà padà fún un.

Ó pọn ọmọ, mo já ẹ̀ka ọmọ̀ kan tó ń rúwé lára kùkùté, a jọ rìn lọ sétí odò. Àwọn ará Ìdúgbà tò síbẹ̀ pẹ̀lú ògùṣọ̀ tó ń jó lójú oòrùn. Ọyátọ́lá ní, "A ò gbọ́ ìbọn."

Mo ní, "Ẹ ò ní gbọ́ ọ."

Ọdẹ́bùnmi rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ kú àtijọ́, Ìyálọ́ṣẹ. Ṣé iná lẹ fi wá kí mi kú ewu ọmọ?" Ó gba ẹ̀ka igi náà lọ́wọ́ mi, ó nà án sí i. "Ọmọ̀ rèé. Eérú rẹ̀ la fi ń ṣe ọṣẹ."

Ọyátọ́lá gbà á. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó gbé e símú. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀ tútù bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Igi yìí ló wà lẹ́yìnkùlé mi. Òun ni mo ń so ewúrẹ́ mọ́." Ó ti ògùṣọ̀ rẹ̀ bọ inú odò, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ náà.

Ẹ kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí Ọ̀jẹ́lérè bá fẹ́ kí mi, yóò kọ́kọ́ dúró lókèèrè, yóò ní, "Bàbá, ibo ni ìbọn wà ná?" kí ó tó dọ̀bálẹ̀. Àwàdà ni ó fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń wo ọwọ́ mi.

Òjò ti ń dá. Ìwọ, Oníìpara, dìde. Wọ́n ń pè ọ́ ní Oníìpara títí wọ́n fi fẹ́ gbàgbé orúkọ rẹ, èmi kò gbàgbé. Ìbíwùmí ni orúkọ tí mo fi ránṣẹ́ sódìkejì odò. Ìwọ lo ké lọ́jọ́ yẹn. Bí o kò bá ké, o kò ní bàbá, o kò ní ìyá, o kò sí níhìn-ín. Sọdá títì. Kí obìnrin yẹn, béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀, kí o wá fi ẹnu rẹ bi í pé kí ló ń pò mọ́ ìpara. Bí kò bá sọ fún ọ, o ti gbọ́ ohùn tó fi kọ̀. Máa lọ, rọra wo mọ́tò.

Ẹ wò ó, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ sórí àga mi. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ta ló bá a sọ̀rọ̀? Kò sí? Kí ló dé tó fi ń tàn? Ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń wí.

"Mo ti gbo. Odeyale, baba Odebunmi. Omo Odebunmi ni Ibi wu mi."

Háà. Ẹ gbọ́ ohun tó pe ọmọ mi. Ìbí ni mo sọ ọ́, nítorí pé ìbí rẹ̀ wù mí. Ibi ni nǹkan yìí pè é. Èmi náà ni mo tún là á sí i létí! Mo jókòó tì í látìgbà tí òjò ti ń rọ̀, mo ń ròyìn ìdílé mi. Ẹ fún mi ní fìlà mi, kí n fi bò ó. Ó ṣì ń sọ ọ́. Ẹ yàgò, ẹ jẹ́ kí n bọ́ síta, n kò rí ọmọ náà mọ́.

Ìbíwùmí! Ìbíwùmí o!

Ẹ gbọ́? Ó dáhùn. Ó ní, "Ẹ́ẹ̀n, Bàbá! Kí ló dé?"

Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Ohùn rẹ ni mo kàn fẹ́ gbọ́.